Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Mi Kò Jẹ́ Ká Sọ

Nílé wa ní Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi pe ọmọ ènìyàn. Kì í ṣe èébú, kì í ṣe èpè. Pé ènìyàn rù, òun náà ni. Ewúrẹ́ lè rù. Ajá aládùúgbò lè rù kí á máa ka egungun ìhà rẹ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá mi bí kò gbọdọ̀ rù. Àlejò kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó wò mí, ó ní, “Háà, ọmọ yìí mà rù o.” Ìyá mi ti bu omi fún un. Ó gbé igbá omi náà padà sínú ilé, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yín kan ọmọ mi.” Obìnrin náà jókòó títí, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó bí mi ni ọ̀rọ̀ náà ti wọlé wa. Ìyá mi bí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ náà ti ń rìn, ó ti ń pe bàbá wa. Wọ́n ní obìnrin kan ń kọjá lọ, ó fọwọ́ kan ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, “Ọmọ yìí mà rù.” Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọ kú. Ó lè jẹ́ ibà ló pa á. Ó lè jẹ́ eyín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú jiyàn? Ìyá mi gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á, ó sì lé ọ̀rọ̀ náà jáde nílé wa bí ẹni lé olè.

Mo ti darúgbó báyìí. Ìyá mi ti lọ, bàbá mi ti lọ, kò sí ẹni tó lè gba igbá omi lọ́wọ́ mi mọ́. Nítorí náà, màá sọ ọ́: ẹ̀gbọ́n mi rù. Ó rù lójú wa, a sì ń fi aṣọ bò ó, títí ó fi bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí mo bá rántí rẹ̀, inú á bí mi, omi á sì dà lójú mi, n kì í mọ èyí tó ṣáájú.

Ọdún tó tẹ̀lé rògbòdìyàn Ìsẹ́yìn àti Òkèhò, nígbà tí àwọn ará ìlú dìde sí òyìnbó, ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà ti lọ, àwọn tó sá wọ oko ti ń padà, ọjà sì ti ń kún díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí ni àkọ́bí ìyá mi. Àgbẹ̀ kan ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ló ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Wọ́n ti ṣe ìdána, wọ́n ti gbé iṣu wá, a sì ti jẹ ẹ́. Gbogbo agboolé kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́, “Ìyàwó” ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń pe ìyá mi ní Ìyá Ìyàwó, ẹ̀rín á sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Ohun tó kù kò ju pé kí bàbá mi, tó jẹ́ ahunṣọ, hun aṣọ ẹtù tí ọmọ rẹ̀ máa ró lọ sílé ọkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tó sanra tẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn. Ọ̀rọ̀ dídùn nìwọ̀nyí o, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yin ọmọge. Bó bá ń gba iwájú òfì kọjá, tòun ti ìkòkò omi lórí, àwọn ahunṣọ á dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á ní, “Ìyàwó, rọra o, kí atẹ́gùn má gbé ọ lọ kó o tó dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.” Òun náà á fèsì pé, “Bó bá gbé mi lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ iṣu wọn lẹ máa dá a padà.” Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ nílé yẹn.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé kò sí ọgbà láàárín ọ̀rọ̀ dídùn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Ènìyàn á kúrò ní tẹ́ẹ́rẹ́, á di tín-ín-rín. Á kúrò ní tín-ín-rín, á rù. Á rù tán, á gbẹ. Á gbẹ tán, á joro bí ewé tí wọ́n já sójú oòrùn. Ẹni tó ń wò ó lójoojúmọ́ kò ní mọ ìgbà tó ré kọjá. Nílé tiwa wá ńkọ́, níbi tí ẹnu gbogbo wa ti dúró sórí tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú?

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé, nígbà ọyẹ́. Ta ni kì í wúkọ́ nígbà ọyẹ́ ní Òkè-Ògùn? Ètè gbogbo wa là, ẹsẹ̀ gbogbo wa funfun, gbogbo agboolé ń hú ikọ́ láti àárọ̀. Òjò rọ̀, ikọ́ tiwa tán. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò tán. Kàkà kí ewé àgbọn ó dẹ̀, líle ló ń le sí i. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, ara rẹ̀ á gbóná. Bí ilẹ̀ bá mọ́, aṣọ tó fi bora á ti rin fún òógùn.

A ń bọ̀ láti odò lọ́jọ́ kan, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, ni ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ bá yọ̀ kọjá ìbàdí, ó bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Okùn rẹ̀ kò já, kò sì tú. Ó kàn bọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi orí mi fi dà sí mi lára. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó di igi kan mú.

Nígbà tí a délé, tí mo ń fi ẹ̀rín ròyìn, ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Okùn ìlẹ̀kẹ̀ ló rọ̀.” Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó yọ díẹ̀ níbẹ̀, ó so ó padà kó lè di ìdí ẹ̀gbọ́n mi mú. Èyí tó yọ, ó sín in mọ́ tèmi. Inú mi dùn débi pé mo ń jó kiri àgbàlá. Kò pẹ́, okùn náà tún rọ̀. Ìyá mi tún yọ níbẹ̀, ó tún sín in mọ́ tèmi. Bí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń dín ni tèmi ń kún. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rí kò ju pé èmi náà ti ń ní ìlẹ̀kẹ̀ bí ọmọge.

Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí pé òun ń bọ̀ wá kí ìyàwó òun. Ìyá mi ṣí àpótí, ó kó kíjìpá jáde, aṣọ nínípọn tí òun fúnra rẹ̀ hun. Ó ró ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ró òmíràn lé e, ó so tòbí mọ́ ọn, ó tún ró ìkẹta, kó tó wá fi aṣọ ìgbà òde borí gbogbo rẹ̀. Èmi ni mò ń bá a di etí aṣọ mú. A dì í bí ẹrù oníṣòwò tó ń lọ sí Ìjíò. Ìyá mi lé tìróò fún un, ó fi ìborùn bo èjìká rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìyá mi, ooru ń mú mi.” Ìyá mi ní, “Fara dà á. Wọn ò ní pẹ́ lọ.”

Ìyá ọkọ dé, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, inú rẹ̀ dùn. “Ìyàwó mi, o mà ti ń di obìnrin gidi o!” Ó ń ṣàdúrà bọ̀, ó ń ṣàdúrà lọ. Bó ṣe yí kọ́nà báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Nígbà tí a tú aṣọ náà, gbogbo rẹ̀ ti tutù rinrin. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti rí ohun tí aṣọ lè ṣe. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò yọjú síta mọ́ láìjẹ́ pé a dì í.

Ẹ máa bi mí pé bàbá mi ńkọ́, ṣé kò lójú ni? Ó lójú. Ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀, ilé ahunṣọ nìkan ni wọ́n ti lè ṣe irú rẹ̀. Nílé wa, bàbá kì í wo ara ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti bàlágà. Ìyá ìyàwó ni yóò na okùn òwú yí ìbàdí ọmọ po, yóò ta kókó sí i, yóò sì mú un lọ fún bàbá. Okùn yẹn ni bàbá yóò fi mọ bí ìró náà yóò ṣe fẹ̀ tó. Yóò so ó kọ́ ara òfì títí aṣọ yóò fi parí. A kì í sì í wọn ìyàwó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì ti ń wọ̀n ọ́n fún aṣọ mìíràn.

Orí gbogbo kíjìpá yẹn ni ìyá mi ti na okùn náà. Bàbá mi gbà á, ó nà án, ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi mà ti lára o!” Ó so ó kọ́ ara òfì. Bó bá rí ojú ẹ̀gbọ́n mi lókèèrè tó ti wọnú, á wò ó, á tún wo okùn, okùn ni yóò gbàgbọ́. Ìyá mi á ní, “Ìtìjú ìyàwó ni, ó ń jẹun dáadáa.” Ọkùnrin tó lè fi ọwọ́ lásán mọ òwú burúkú láàárín òwú rere, kò mọ bí ọmọ inú ilé rẹ̀ ṣe rí.

Ẹnì kan wà tí ì bá mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́kọ sí Ìjíò lẹ́bàá ààlà, ikọ́ ni ó sì máa ń wò. Àwọn tó ń ti ìhà àwọn Faransé bọ̀ pàápàá ń wá gba àgbo lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí i nítorí ikọ́ yìí. Ìyá mi rán oníṣòwò kan tó ń lọ sí ọ̀hún. Nígbà tí ọkùnrin náà padà, ó fi ewé lé ìyá mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n yín bi mí léèrè pé ṣé ọmọ náà ń rù. Mo ní rárá o, mo rí i lọ́jọ́ Iléyá, ó sanra dáadáa.”

Kò purọ́. Ohun tó rí ló sọ. Ewé tí wọ́n ń sè fún ẹni tí òtútù mú ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ránṣẹ́, torí ohun tó gbọ́ nìyẹn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ẹ̀gbọ́n mi mu àgbo náà títí ewé fi tán, ikọ́ kò gbọ́. Ìyá mi mọ̀ pé ìdáhùn tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ránṣẹ́ padà. Bó bá máa ránṣẹ́ padà, yóò ní láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, àní fún oníṣòwò lásán, kò lè sọ ọ́.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá fúnra rẹ̀, ó ní òun wá bá wa palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí i, kò lè dìde. Ìyá àgbà náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Aṣọ ti wọ Ìyàwó lọ́rùn,” ó nawọ́ sábẹ́ ìborùn láti fà á dìde. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ di ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú; àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka kejì pàdé, wọ́n sì ré kọjá ara wọn.

Ó ní, “Ta ló ni ọwọ́ yìí?”

Ó ṣí ìborùn náà kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ. Ìyá mi di etí aṣọ mú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ jọ̀ọ́.” Àwọn méjèèjì ń fa aṣọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí ọmọ náà, ni ẹ̀gbọ́n mi bá sọ̀rọ̀, díẹ̀ báyìí lohùn rẹ̀ fi jáde: “Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò mí. Ó ti rẹ̀ mí.”

Ìyá mi ju etí aṣọ sílẹ̀.

Aṣọ ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi ń kéré sí i. Nígbà tó kan ti ìkẹyìn, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tún yíjú padà. Orúnkún rẹ̀ tóbi ju itan rẹ̀ lọ. Kòtò ọrùn rẹ̀ jìn, èèyàn lè bu omi sí i. Èjìká rẹ̀ yọ ṣóńṣó, egungun ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò lábẹ́ awọ. Lónìí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe irú ara bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́nu mi: ó rù kan egungun, ó gbẹ, ó joro, ó rù hangogo. Lọ́jọ́ náà, mi ò ní ọ̀kankan. Wọn ò kọ́ mi nílé wa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, “Ikọ́ àwúgbẹ nìyí.” Orúkọ ikọ́ tí èèyàn ń hú títí yóò fi gbẹ nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ nìyẹn. Ó kọjú sí ìyá mi. “Mo béèrè! Ṣebí mo béèrè, mo ní ṣé ọmọ yìí ń rù? Kí ló dé tó ò sọ fún mi?” Ìyá mi ní, “Mi ò lè fi ẹnu mi pè é. Èyí tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ kú.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́kún.

Kò padà sí Ìjíò mọ́. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ó já ewé, ó wa egbò igi, ó se àgbo bí ẹni tó ń bá iná jà. Ó ní ká má tíì sọ bó ṣe rí fún bàbá wa, torí bó bá gbọ́, òfì á dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á sì mọ̀ pé wọn ò retí òun mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi a máa tẹ́tí sí òfì náà láti orí ẹní. Á ní, “Ẹtù mi ni bàbá ń hun yẹn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.” Mi ò lè sọ pé àgbo ìyá àgbà ì bá wò ó sàn ká ní ó tètè dé. Mi ò mọ̀. Ìyá mi náà kò mọ̀, àìmọ̀ yẹn ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ìgbà tí òwú là lóko ni ẹ̀gbọ́n mi kú, lọ́sàn-án, bí àwọn ahunṣọ ṣe ń palẹ̀ mọ́ fún ìrun. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pẹ́ nílẹ̀. Àwọn obìnrin ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kó fún àwọn ní aṣọ funfun. Ó dìde lórí òfì. Ẹtù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó kó aṣọ funfun tó ti hun sílẹ̀ jáde, ó nawọ́ sókè, ó já okùn tó wà lára òfì, òun náà ló fi wọn aṣọ. A kì í wọn ìyàwó lẹ́ẹ̀mejì, okùn kan náà ló fi ṣe méjèèjì. Ó rán an pọ̀ fúnra rẹ̀, omijé ń bọ́ sí i lọ́wọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba abẹ́rẹ́ náà.

Àwọn obìnrin wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n dì í. Ìyá àgbà jáde síta, aṣọ funfun kún apá rẹ̀. Ó gbé e fún bàbá mi.

Bàbá mi ní, “Kí lèyí?”

“Ó ṣẹ́kù ni.”

“Báwo ló ṣe máa ṣẹ́kù? Okùn rẹ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n.”

Àwọn àlùfáà ń wo ilẹ̀. Àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Bàbá mi tẹ́ aṣọ náà sórí orúnkún, ó ń wá ibi tó ti ṣèṣì gé e, bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló bàjẹ́. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, ibí yìí ni ẹkún máa ń gbà mí.

Ìyá mi bá jáde. Kò borí. Ó dúró láàárín àgbàlá lójú gbogbo ènìyàn, ó kígbe: “Ó rù! Ọmọ mi rù! Ó rù hangogo, ó gbẹ, kò ku nǹkan kan lára rẹ̀! Èmi ni mo fi aṣọ bò ó. Ó rù! Ẹ bá mi wí i, gbogbo yín, ẹ bá mi wí i!” Kò sí ẹni tó bá a wí i. Ó ń pariwo ọ̀rọ̀ kan náà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi yí padà. Ní àràárọ̀, kí n tó lọ sódò, á pè mí, á fi àtàǹpàkò àti ìka kejì di ọrùn ọwọ́ mi mú. Á ní, “O rù.” Mo sanra rọ̀bọ̀tọ̀ nígbà náà. “Ìyá mi, mi ò rù.” “O rù. Jókòó, jẹun.” Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí mo fi lọ sílé ọkọ. Ó tún tẹ̀ lé mi débẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ mi mú lójú ìyá ọkọ mi, ó ní, “Ẹ máa wò ó dáadáa o, ọmọ yìí rù.” Ojú tì mí. Ìyá ọkọ mi rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, mo wá láti ilé ọkọ wá tọ́jú rẹ̀. Àwọn ẹbí ń wọlé, wọ́n ń sọ bí àwọn tó ń kí aláìsàn ṣe máa ń sọ: “Ìyá, ara yín mà ti ń le. Ìyá, ẹ mà ti ń lẹ́ran lára.” Ó ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó na ọwọ́ sí mi láti abẹ́ aṣọ. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìka mi pàdé, wọ́n sì ré kọjá ara wọn. Ó tẹjú mọ́ mi lẹ́nu. Ó wù mí kí n purọ́, Ọlọ́run mọ̀.

Mo ní, “Ìyá mi, ẹ ti rù.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Ká aṣọ yìí kúrò lára mi, kó o wò mí dáadáa.”

Mo ká a kúrò, mo sì wò ó.